Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ilẹ̀kùn Méjì Tó Ń Ṣí Pọ̀

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó lè:
1. ka àyọkà nípa ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ara yín ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́;
2. lo “kí … tó” àti “bí … bá ṣe ń …, bẹ́ẹ̀ ni …” nínú gbólóhùn;
3. béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tó jù yín lọ nípa ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Kí ẹ tó kà á

Ṣé ẹnìkan nínú ẹbí yín ní Nàìjíríà ti ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” rí? Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n léèrè: kí ni wọ́n máa ń pò mọ́ bẹntiróòlù kí wọ́n tó dà á sínú táńkì? Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gbàgbé? Ẹ mú ìdáhùn wọn wá sí kíláàsì. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ yẹn àti ẹ́ńjìnnì tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

alùpùpù: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ní ẹ́ńjìnnì. Ní ìgboro, ẹ ó gbọ́ “ọ̀kadà” tàbí “máṣíìnì” pẹ̀lú.
bẹntiróòlù: epo tí ń jó nínú ẹ́ńjìnnì.
ọ́ìlì: òróró ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kí irin máa ha irin.
sìlíńdà: ihò roboto inú ẹ́ńjìnnì, níbi tí iná ti ń jó.
písítìn: irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà.
ìgbésẹ̀: ìrìn kan ṣoṣo ti písítìn, láti òkè dé ìsàlẹ̀ tàbí láti ìsàlẹ̀ dé òkè.
púlọ́ọ̀gì: ohun tó ń ta iná sí epo.
sálẹ́ńsà: páìpù tí èéfín ń gbà jáde.
kábúrétọ̀: ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì.
ínjẹ́kítọ̀: ẹnu kékeré tó ń fọ́n epo bí ìrì nígbà tí kọ̀ǹpútà bá pàṣẹ fún un.
fáàfù: ohun tó ń ṣí ọ̀nà, tó sì ń dí i.
agbára ẹṣin: ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó.
cc: ìwọ̀n àyè tó wà nínú sìlíńdà.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí: “tì” ní ìtumọ̀ méjì nínú àyọkà yìí. Ilẹ̀kùn lè tì, ìyẹn ni pé kò ṣí sílẹ̀ mọ́. Iná sì lè ti písítìn, ìyẹn ni pé ó fi agbára sún un lọ. Gbólóhùn ni yóò sọ èwo ni.

Àyọkà: Ẹ́ńjìnnì tí kò gbà láti kú

Bí ẹ bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń fi alùpùpù sáré nínú igbó, ní Wales tàbí ní Colorado, etí yín lè mọ ẹ́ńjìnnì méjì yàtọ̀ síra kí ojú yín tó rí wọn. Ohùn ọ̀kan wúwo, ó ń bú gbùù. Èkejì ń han goorogo, ó sì ń fi èéfín aláwọ̀ búlúù díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì yìí ni ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀ méjì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní tú-sitiróòkù.

Ó ti tó ogún ọdún sẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe tuntun, wọ́n sì ń rà á. Kí nìdí tí kò fi kú? Kí sì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe láti wo àìsàn rẹ̀ sàn? Kí a tó lè dáhùn, a gbọ́dọ̀ wo inú sìlíńdà, kí a wo àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú sìlíńdà?

Láàárín 1889 sí 1892, Joseph Day àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Frederick Cock, ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ya ẹ́ńjìnnì wọn sọ́tọ̀ ni pé nǹkan díẹ̀ péré ló ń rìn nínú rẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, písítìn ń rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí iná tó jó lẹ́ẹ̀kan. Ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó fún wọn pọ̀, iná tì í sódò, ó sì lé èéfín jáde. Ilẹ̀kùn ìwọlé ní fáàfù tirẹ̀, ilẹ̀kùn ìjáde náà ní tirẹ̀. Kálukú ń ṣí, ó sì ń tì ní àsìkò tí wọ́n dá fún un.

Nínú ẹ́ńjìnnì Day àti Cock, kò sí irú fáàfù bẹ́ẹ̀. Ihò lásán ni ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ara ògiri sìlíńdà ni àwọn ihò náà wà, písítìn fúnra rẹ̀ ló sì ń bò wọ́n, tó sì ń ṣí wọn, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé písítìn náà. Bó ṣe ń gòkè, ó ń fún epo àti afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ pọ̀. Ní àsìkò kan náà, ó ń fa epo àti afẹ́fẹ́ tuntun wọ yàrá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ta iná. Iná ti písítìn sódò. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn ìjáde ló kọ́kọ́ ṣí, èéfín sì tú jáde. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ìwọlé ṣí, tí epo àti afẹ́fẹ́ tuntun fi ti yàrá ìsàlẹ̀ gòkè wá. Ìrìn méjì péré, iná ti jó lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí alùpùpù 250 cc ìgbésẹ̀ méjì fi lè bá 450 cc ìgbésẹ̀ mẹ́rin figagbága.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ilẹ̀kùn méjèèjì ń ṣí pọ̀. Tuntun ń wọlé, èéfín ń jáde, nínú yàrá kan náà. Nígbà tí písítìn bá tún ń gòkè, ilẹ̀kùn ìwọlé ló ń kọ́kọ́ tì. Ti ìjáde ṣì ṣí sílẹ̀. Kí ilẹ̀kùn ìjáde tó tì, díẹ̀ nínú epo tí kò tíì jó ti bá èéfín lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń da omi tuntun sínú ìkòkò níbi tó ti ń da omi àná nù: omi tuntun díẹ̀ á bá ti àná lọ.

Epo tó bá jáde láìjó ń ṣe ibi mẹ́ta. Owó ẹni tó rà á ṣòfò, agbára tó yẹ kó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sọnù, afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí sínú sì bàjẹ́. Bákan náà, nítorí pé yàrá ìsàlẹ̀ ni epo ń gbà kọjá, a kò lè tọ́jú ọ́ìlì síbẹ̀ bí a ti ń ṣe nínú mọ́tò. A gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ epo, kí òun náà jó. Òun ló ń di èéfín búlúù.

Gbogbo èrò tuntun tí a ó kà nípa wọn nínú ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo la ṣe máa dá epo tó ń sá lọ yìí dúró, láìsọ ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ di ẹrù?

Sálẹ́ńsà tó ń dá epo padà

Ìdáhùn pàtàkì kan ò ní irin kankan tó ń rìn. Walter Kaaden, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ MZ ní ìlú Zschopau, ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi, láàárín 1953 sí 1961, lórí alùpùpù ìdíje ojú títì. Sálẹ́ńsà rẹ̀ wú ní àárín bí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé eku mì. Bí èéfín bá tú jáde, ìgbì á sáré wọ inú sálẹ́ńsà náà. Níbi tó ti ń gbòòrò, ìgbì kan á padà wá, á máa fa èéfín tó kù jáde nínú sìlíńdà. Níbi tó ti tún ń há, ìgbì kejì á padà wá, á máa ti nǹkan wọlé. Bí ìgbì kejì yìí bá dé kí ilẹ̀kùn ìjáde tó tì, á ti epo tó ti sá jáde padà sílé. Ilẹ̀kùn kò yára tì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà bí olùṣọ́.

Ní 1961, ẹ́ńjìnnì MZ tí kò ju 125 cc lọ ń mú agbára ẹṣin 25 wá. Ní ọdún yẹn kan náà, Ernst Degner, tó ń gun alùpùpù náà, sá kúrò ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ó sì lọ bá Suzuki ní Jàpáànì pẹ̀lú ohun tó mọ̀. Ní 1962, ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé 50 cc fún Suzuki. Ìmọ̀ náà kò dúró sórí títì. Ní 1970, Joël Robert fi Suzuki ìgbésẹ̀ méjì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé 250 cc nínú ìdíje motocross, ìyẹn ìdíje orí ilẹ̀ tí kò lọ́dà. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ní ti Kaaden, ẹni tó lọ́gbọ́n kọ́ ló jẹ èrè rẹ̀.

Àbùkù kan wà. Ìwọ̀n ìyára kan ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa fi yí kí ìgbì tó lè dé lásìkò. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, alùpùpù á ṣe bí ọ̀lẹ; bó bá dé ibẹ̀, á fò síwájú bí ẹṣin tí wọ́n nà lẹ́gba. Nínú ẹrẹ̀, irú èyí lè gbé èèyàn ṣubú. Ní 1977, Yamaha fi fáàfù kan sí ẹnu ilẹ̀kùn ìjáde alùpùpù ìdíje rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni fáàfù náà ń gbé òrùlé ilẹ̀kùn sókè sí i. Irú fáàfù yìí ló wà lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù inú igbó títí di òní.

Nígbà tí ìgbésẹ̀ mẹ́rin gba oko

Òfin èéfín ń le sí i lọ́dọọdún, ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà sì ń dára sí i. Ní 1997, Doug Henry fi Yamaha ìgbésẹ̀ mẹ́rin borí nínú ìdíje supercross ní Las Vegas. Ní 1998, Yamaha gbé YZ400F jáde fún ará ìlú. Nígbà tó di ìran 2007, Honda ṣe alùpùpù CR ìgbésẹ̀ méjì rẹ̀ fún ìgbẹ̀yìn.

Ohun tó dá ìgbésẹ̀ méjì sí ni igbó. Lórí àpáta àti gbòǹgbò igi, ẹni tó bá ṣubú ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé alùpùpù dìde. Kílò mélòó kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀. Bí písítìn bá sì ti jẹ, ẹni tó mọ iṣẹ́ díẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀ nínú ilé, nítorí kò sí fáàfù àti ṣéènì lórí sìlíńdà tó máa kọ́kọ́ tú. Àwọn tó ń gùn ún nínú igbó kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Òfin náà kò sì fẹ́ gba èéfín rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà.

Ọ̀nà mẹ́rin

Ọ̀nà kìíní: kí èéfín àná tan iná òní. Bí ẹni tó ń gun alùpùpù kò bá ṣí epo púpọ̀, èéfín àtijọ́ máa ń pọ̀ nínú sìlíńdà ju epo tuntun lọ. Púlọ́ọ̀gì á ta iná, epo ò ní jó, á sì jáde bẹ́ẹ̀. Honda fi fáàfù ilẹ̀kùn ìjáde dí èéfín gbígbóná náà mọ́lé ní ìwọ̀n tó yẹ, kí ooru rẹ̀ lè mú epo tuntun jó fúnra rẹ̀, láìdúró de púlọ́ọ̀gì. Ní 1995, alùpùpù wọn tó ń jẹ́ EXP-2 ṣe ipò karùn-ún nínú eré gbọọrọ Granada sí Dakar. Ní 1997, wọ́n ta CRM250AR, tó ń lo ọgbọ́n kan náà, ní Jàpáànì.

Ọ̀nà kejì: kí epo wọlé pẹ́. KTM, tó wà ní Mattighofen ní Austria, gbé 250 EXC TPI àti 300 EXC TPI jáde ní 2017 fún ìran 2018. Kò sí kábúrétọ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì nìkan ló ń gba yàrá ìsàlẹ̀ kọjá. Ínjẹ́kítọ̀ méjì wà lójú ọ̀nà tó ń lọ sí ilẹ̀kùn ìwọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́n epo pàdé afẹ́fẹ́ tó ń gòkè bọ̀. Bí epo bá ṣe ń pẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń ráyè sá jáde ń dínkù. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ìwọ̀n rẹ̀. Ọ́ìlì ní táńkì àti pọ́ńpù tirẹ̀, kò sí pípò mọ́. Àwọn alùpùpù yìí yege nínú òfin èéfín Euro 4 ti ilẹ̀ Yúróòpù.

Ọ̀nà kẹta: kí epo gba ẹnu ọ̀nà àtijọ́, ṣùgbọ́n kó wọlé pẹ̀lú ìwọ̀n. Ossa ti Spéènì ti fi ínjẹ́kítọ̀ sínú TR280i ní nǹkan bí 2011. Ó tún yí sìlíńdà padà, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba iwájú wọlé, kí èéfín sì máa gba ẹ̀yìn jáde. Fún ìran 2023, KTM fi ínjẹ́kítọ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, níbi tí kábúrétọ̀ máa ń wà, lórí 125 SX, 250 SX àti 300 SX. Wọ́n tún fi iná mànàmáná darí fáàfù ilẹ̀kùn ìjáde. Ṣùgbọ́n nítorí pé epo ti tún ń gba yàrá ìsàlẹ̀, ẹni tó ni SX ti padà sí fífi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ọ́ìlì mọ́ epo.

Ọ̀nà kẹrin: kí ilẹ̀kùn tì kí epo tó wọlé rárá. Èyí ló rọrùn jù láti sọ, òun náà ló le jù láti ṣe. Ínjẹ́kítọ̀ á wà ní orí sìlíńdà, afẹ́fẹ́ nìkan á gba ilẹ̀kùn ìwọlé, epo á sì dé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ìjáde bá ti tì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan kò ju 0.006 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Láàárín ìgbà tí ilẹ̀kùn ìjáde tì sí ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ta iná, àyè tó wà kò tó 0.002. Nínú àyè yẹn ni epo gbọ́dọ̀ wọlé, kó túká, kó sì pò mọ́ afẹ́fẹ́. Bimota ní Ítálì gbìyànjú rẹ̀ lórí alùpùpù ojú títì tó ń jẹ́ V-Due ní 1997. Kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kábúrétọ̀ ni wọ́n padà fi sí i.

Síbẹ̀, ọ̀nà kẹrin yìí ti ṣe àwọn èèyàn lóore níbòmíràn. Ní Philippines, ẹgbẹ́ Envirofit, tó jáde láti Colorado State University ní Amẹ́ríkà, fi irú ínjẹ́kítọ̀ bẹ́ẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó èrò. Epo tí àwọn awakọ̀ ń rà dínkù, èéfín tí wọ́n ń mí sínú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ náà dínkù. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan.

Kí ló kù?

Ẹ wo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i. Èwo nínú wọn ló fi fáàfù mẹ́rin àti ṣéènì sórí sìlíńdà? Kò sí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ pé ihò lásán tó ń jẹ́ kí epo sá lọ náà ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúyẹ́. Bí a bá gbé ìlẹ̀kùn gidi sí i, àìsàn á lọ, aláìsàn náà á sì bá a lọ. Nítorí náà, wọn kò pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Àsìkò tí epo ń dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń yí padà, tàbí ohun tó ń pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní iye tó ń gbà: wáyà, bátìrì, pọ́ńpù àti sẹ́ńsọ̀, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ràn nítorí pé kò ní púpọ̀ nínú.

Ìsọ̀rọ̀gbèsì

Ní Colorado. Ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe. Àbúrò jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì.

Àbúrò: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.
Ẹ̀gbọ́n: Òo, káàbọ̀. Ṣé dáadáa lo dé? Kí ló dé tí aṣọ rẹ kún fún ẹrẹ̀ báyìí?
Àbúrò: Dáadáa ni, sà. Alùpùpù mi ló tún dá mi dúró lórí òkè. Nílẹ̀ níbí, ó ń sáré. Bí mo ṣe dé òkè báyìí, èéfín pọ̀, agbára sì tán. Mo fẹ́ tà á, kí n ra èyí tó ní ínjẹ́kítọ̀.
Ẹ̀gbọ́n: Rọra, rọra. Kí o tó tà á, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ṣé afẹ́fẹ́ òkè pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀?
Àbúrò: Rárá, sà. Ó fẹ́lẹ́.
Ẹ̀gbọ́n: Ó dáa. Ṣé kábúrétọ̀ rẹ mọ̀ pé o ti gun òkè?
Àbúrò: Báwo ló ṣe máa mọ̀?
Ẹ̀gbọ́n: Ìyẹn náà ni mo ń sọ. Kò mọ̀. Epo tó ń bù nísàlẹ̀ náà ló ń bù lókè. Epo wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, èéfín á pọ̀. Èyí tó ní ínjẹ́kítọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì ń dín epo kù fúnra rẹ̀.
Àbúrò: Ẹ wò ó, ẹ ti fọwọ́ sí i pé kí n rà á nìyẹn!
Ẹ̀gbọ́n: Èmi kọ́. Ìgbà mélòó lo ń lọ sórí òkè lọ́dún?
Àbúrò: Bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, sà.
Ẹ̀gbọ́n: Nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta lo ṣe fẹ́ ná gbogbo owó yẹn? Wo irin kékeré yìí. Ihò rẹ̀ kéré ju èyí tó wà nínú kábúrétọ̀ rẹ lọ. Pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó gun òkè, kí o sì dá ti àkọ́kọ́ padà bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀. Sípánà kan ló gbà.
Àbúrò: Bí mo bá wá gbàgbé láti dá a padà ńkọ́?
Ẹ̀gbọ́n: Ẹ́ńjìnnì á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí epo ò ní tó o. Písítìn lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Má gbàgbé o. Ṣé o ń wọn ọ́ìlì rẹ dáadáa?
Àbúrò: Mo ń fi ife ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, sà.
Ẹ̀gbọ́n: O káre. Ínjẹ́kítọ̀ dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n bí pọ́ńpù rẹ̀ bá kú nínú igbó, sípánà ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bó o bá mọ̀ ọ́n tán, tó o ṣì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, wá, á jọ wá a.
Àbúrò: Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí n tó lọ.
Ẹ̀gbọ́n: Bọ́ aṣọ ẹrẹ̀ yẹn kúrò ná.

Gírámà

1. “Kí … tó”
A ń lò ó láti fi hàn pé ohun kan ṣáájú òmíràn. Ohun tó tẹ̀ lé “tó” ló ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.
Kí ilẹ̀kùn ìjáde tó tì, díẹ̀ nínú epo ti bá èéfín lọ. (Epo lọ ná, ilẹ̀kùn wá tì.)
Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí n tó lọ.
Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ: kí n tó, kí o tó, kí ó tó (tàbí kó tó), kí a tó, kí ẹ tó, kí wọ́n tó. A kì í fi “yóò” tàbí “máa” sáàárín “kí” àti “tó”.

2. “Bí … bá ṣe ń …, bẹ́ẹ̀ ni …”
A ń lò ó bí nǹkan méjì bá ń yí padà pọ̀.
Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni fáàfù ń gbé òrùlé ilẹ̀kùn sókè sí i.
Bí epo bá ṣe ń pẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń sá jáde ń dínkù.

Ìdánrawò

A. Ẹ dáhùn ní gbólóhùn kíkún.
1. Nínú ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀ méjì, ilẹ̀kùn wo ló ń kọ́kọ́ ṣí? Èwo ló ń kẹ́yìn tì?
2. Ibi mẹ́ta wo ni epo tó jáde láìjó ń ṣe?
3. Kí nìdí tí a fi ní láti pò ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù?
4. Kí nìdí tí TPI fi nílò pọ́ńpù ọ́ìlì tirẹ̀, tí SX ìran 2023 kò sì ní in?
5. Kí ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí Àbúrò ṣe kó tó ná owó rẹ̀?

B. Òótọ́ ni àbí irọ́? Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ tún un sọ.
1. Sálẹ́ńsà Kaaden ní irin tó ń ti epo padà.
2. Honda EXP-2 ló ṣe ipò kìíní nínú eré Granada sí Dakar ní 1995.
3. Afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

D. Ẹ fi “kí … tó” so gbólóhùn méjì pọ̀. Àpẹẹrẹ: Mo wọn ọ́ìlì. Mo da epo sí táńkì. → Mo wọn ọ́ìlì kí n tó da epo sí táńkì.
1. Púlọ́ọ̀gì ta iná. Písítìn sọ̀ kalẹ̀.
2. Ó pààrọ̀ irin kékeré. Ó gun òkè.
3. A ka àyọkà. A dáhùn ìbéèrè.

E. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yìí ní ọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ: 25 = mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
50, 125, 250, 300

Ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní méjì-méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kí èkejì jẹ́ àbúrò. Àbúrò fẹ́ ta fóònù, kẹ̀kẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó lè ra tuntun. Ẹ má gbàgbé “ẹ” àti “sà” tàbí “mà” bí ẹ bá ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀.

F. Ìwé kíkọ. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré (ọ̀rọ̀ 150) sí ẹni tí ẹ pè nípa jẹnẹrétọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ ṣàlàyé fún wọn, láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ìdí tí èéfín rẹ̀ fi pọ̀, àti ọ̀nà kan nínú mẹ́rin tí ẹ rò pé ó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ẹ sì bi wọ́n bóyá àlàyé yín bá ohun tí ojú wọn ti rí mu.